Lẹ́tà ṣíṣí sí Olórí Ẹbí àti àwọn àgbà ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí oko obì bàbá ńlá wa

Sí Bàbá wa Olórí Ẹbí, àti sí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ṣojú ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹbí wa, ní Rẹ́mọ àti ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ẹbí, ẹ kú àmójútó gbogbo wa.

Mo mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ kí ọmọ obìnrin gbé ọ̀rọ̀ ẹbí jáde sí gbangba, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bínú sí mi nítorí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kọ èyí. Mo fi àkọ́kọ́ lé akọ̀wé ẹbí lọ́wọ́. Mo mú èkejì lọ sílé Bàbá wa fúnra mi, mo sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi kà á tán. Mo ka ẹ̀kẹta sí gbogbo ẹbí létí lórí WhatsApp. N kò rí èsì kankan gbà. Àwọn awọnlẹ̀ tó wọ oko ni mo rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, nítorí pé oko tí ẹ fẹ́ tà yìí ti kọjá ohun tí ẹbí wa nìkan ń jẹ àǹfààní rẹ̀: àwọn olùkọ́ ń kó ọmọ iléèwé wá síbẹ̀ kí èmi tí mo ń mójú tó o lè fi iṣẹ́ àtijọ́ hàn wọ́n, bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin àdúgbò ń yan gàárì níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń wo ohun tí a máa fi tiwa ṣe.

1. Bí ìpinnu náà ṣe kàn wá lára

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo dé oko, mo sì bá òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké mọ́kànlá tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ láti etí títì títí dé ìdí igi obì. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ igi gbànja tó dàgbà jù lọ nínú oko, èyí tí gbogbo wa ti ń pè ní Ìyá Obì láti kékeré. Òpó kan wà láàárín àtíbàbà tí a ti ń yan gàárì, kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lọ sí ẹnu ààrò. Ìyá àgbà tó ń yan gàárì lọ́jọ́ náà ti dá iná kí àwọn awọnlẹ̀ tó dé, agbada ti gbóná, gàárì sì ti wà lórí iná. Wọ́n ní kí ìyá náà dìde. Ìyá ní òun kò lè fi gàárì sílẹ̀ lórí iná kó jó. Ó sún àpótí tó jókòó lé sẹ́yìn díẹ̀, ó mú àfọ́ igbá rẹ̀, ó sì ń yan gàárì rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé, erùpẹ̀ ìdí òpó náà ṣì tutù, ìyá náà kò sì gbé ojú sókè wò mí. Ó rò pé mo mọ̀ sí i.

Lẹ́nu àwọn awọnlẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀, pé gbogbo éékà 8 náà ni ẹ tà, àti pé wọn yóò gé e sí pulọ́ọ̀tì 48. Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Éékà kan ń gba pulọ́ọ̀tì 6 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Éékà 8 lọ́nà 6, 48 ni. Ìyẹn ni pé kò sí àyè tí wọ́n yọ sílẹ̀ fún igi kan ṣoṣo. Kódà kò sí àyè tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ máa gbà kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó gbọ́ pé ìpàdé ti wáyé, àti pé àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ. Ẹ kò pe ẹnikẹ́ni láti ìdí-igi tiwa. Nígbà tí mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n dá mi lóhùn pé láti ọ̀dọ̀ ọmọ obìnrin ni ìdí-igi wa ti ṣẹ̀ wá, pé ilé ọkọ sì ni ilé obìnrin.

2. Ẹ̀tọ́ ọmọ obìnrin, àti ẹni tó lè ta ilẹ̀ ẹbí

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a kì í tọpa ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá nìkan. Ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì ní i lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀bú kan lè jẹ́ ọmọ ẹbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tí yóò sì máa lọ sí ìpàdé gbogbo wọn. Nígbà tí bàbá ńlá wa kú, ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún rẹ̀: ìyàwó mẹ́rin, ìdí-igi mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo tó wà ní ìdí-igi kẹrin, obìnrin ni, òun ló sì bí ìyá mi. Kò sí ẹni tó sọ lọ́jọ́ náà pé kò ní ìpín. Àwọn tí wọ́n pín in nígbà náà mọ àṣà wa ju èmi àti ẹ̀yin lọ.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé Olórí Ẹbí nìkan kò lè ta ilẹ̀ ẹbí. Ọwọ́ Olórí Ẹbí ní láti wà níbẹ̀, ọwọ́ àwọn àgbà ìdí-igi náà ní láti wà níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959: bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí Olórí Ẹbí níbẹ̀, a kò ta ohunkóhun, bí Olórí Ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà yòókù níbẹ̀, àwọn tí wọn kò fọwọ́ sí i lè ní kí kóòtù fagi lé e, bí wọn kò bá ti fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé n kò fi í falẹ̀. Bákan náà, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé a kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda ìjọba. Mo béèrè ìwé ìyọ̀ǹda náà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹbí, kò rí i fi hàn mí.

N kò fẹ́ lọ sí kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa lè máa jókòó jẹun pọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yìí bá tán.

3. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà

Nínú ìwé àdéhùn tí mo rí ẹ̀dà rẹ̀, ẹ pe oko wa ní ilẹ̀ tó ṣófo. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí ju gbogbo ohun yòókù lọ, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rìn ín.

Bí a bá ti ya kúrò lójú títì, obì ni a ó kọ́kọ́ bá. Ẹ rántí bí obì ṣe dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí àwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, Ìjẹ̀bú kò lè dí ọ̀nà mọ́ kí wọ́n máa gba owó ibodè lọ́wọ́ èrò tó ń lọ sí Èkó, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ní láti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kòkó ti wà ní oko James Pinson Labulo Davies ní Ìjọ̀n, lẹ́bàá Agége, láti nǹkan bí 1880, àwọn àgbẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ mú irúgbìn lọ sí ibi gbogbo. Ní 1911, ọkọ̀ ojú irin dé Kánò. Obì gbànja tí àwọn Hausa ti ń rìn jìnnà lọ rà ní ilẹ̀ Aṣáńtì láti ìgbà pípẹ́ wá di ohun tí a lè gbìn ní ọ̀dọ̀ wa, kí a sì dì í ránṣẹ́ sí òkè Ọya. Àsìkò yẹn ni bàbá ńlá wa gbin gbànja sínú oko yìí. Ṣàgámù di ọjà tí àwọn tó ń ra obì ń wá láti òkè Ọya, Sábó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Owó obì yìí ló kọ́ ilé ẹbí tí ẹ ti ṣe ìpàdé náà.

Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá dé, ibi obì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi gbànja kan àti àbàtà kan lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì ka awẹ́ rẹ̀. Gbànja jẹ́ aláwẹ́ méjì. Ti ọjà ni. Àbàtà ní awẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun la fi ń sọmọ lórúkọ, òun la fi ń ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà, a ó la èso obì tuntun, a ó yọ obì inú rẹ̀ pẹ̀lú awọ funfun tó bò ó, a ó sì jẹ́ kí wọ́n wo èyí tí a ti rẹ sínú omi sílẹ̀. Awọ ara rẹ̀ á máa yọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn bí èèpo ẹ̀wà tí ìyá wọn rẹ láti fi ṣe àkàrà. Wọn á fọ̀ ọ́, wọn á ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, wọn á tò ó sínú agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́ nínú. Títí tí wọn yóò fi padà sílé, ọwọ́ wọn yóò ti pọ́n. Obì tí a gbìn láti inú èso máa ń tó ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ẹ kò lè gé Ìyá Obì lónìí kí ẹ wá ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn obì ni ẹkù wà, kòtò tí àwọn ìyá wa ti ń fi ẹsẹ̀ gún ẹyìn tí a ti bọ̀. Wọ́n á bu omi sí i, epo á léfòó, wọ́n á fi ọwọ́ gbá a jọ sínú ìkòkò, wọ́n á sì gbé e ka iná. Ohun tó bá kù lára ẹyìn náà a di ògùṣọ̀. Etí ẹkù wa ti dán bí àwo ní apá ọ̀tún, nítorí pé apá ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń dì mú kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú. Ẹ wá wò ó. Ìyá ìyá mi fi ọwọ́ kan ibẹ̀, ìyá mi fi ọwọ́ kan ibẹ̀, èmi náà ṣì ń dì í mú ní gbogbo ìgbà tí a bá ń gún ẹyìn. Òpó sìmẹ́ǹtì kẹrin wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí i.

Gàárì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ wá mọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ Ìjẹ̀bú wà lára gàárì káàkiri Nàìjíríà. Ohun tó jẹ́ kí gàárì wa kan, kó sì gbẹ dáadáa, ni sùúrù. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó fi òkúta ńlá tẹ̀ ẹ́, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí omi rẹ̀ máa kán kí ó sì kan. Lẹ́yìn náà ni a ó jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀, a ó wá yan án lórí iná tí kò gbọdọ̀ le jù. Ẹ̀rọ ni a fi ń rin èyí tí a ń tà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó bá wá ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin ẹ̀gẹ́ kan lára páànù tí a fi ìṣó lu tí a kàn mọ́ pákó, irú èyí tí àwọn ìyá wa lò. Ọmọdébìnrin kan bu gàárì gbígbóná láti inú agbada sẹ́nu, ó fajú ro, ó sì bi mí bóyá a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i ni. Ìlú tí gàárì yìí ti wá ni wọ́n ti bí ọmọ náà, kò sì mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń kan.

Abà tí bàbá ńlá wa máa ń sùn sí wà ní ìparí oko. Ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni a ń fi amọ̀ tún ògiri rẹ̀ rẹ́, tí a sì ń yí koríko òrùlé rẹ̀ padà, nítorí náà kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó gbó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó yàtọ̀ sí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn abà náà ni pèrègún tó jẹ́ ààlà wa wà. Ọ̀kan nínú yín sọ fún mi pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà, pé kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi yẹ kó mọ. Òtítọ́ ni òwe náà, Bàbá. Bàbá ńlá wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin pèrègún yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà gba oko yìí lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin tí mo ń kọ̀wé sí sì ni wọ́n fi ààlà náà ṣọ́.

4. Lórí ọ̀rọ̀ pé oko kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Àgbà kan sọ pé ilé tí wọ́n kó nǹkan sí inú gíláàsì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ tó ń làágùn kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí Bàbá náà mọ̀ pé àwọn tó mọyì ohun àtijọ́ káàkiri ayé ti ń ná owó láti ní irú ohun tí a ní yìí. Ní 1891, Artur Hazelius ṣí Skansen, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní ìta gbangba, ní Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Wọ́n tú ilé àgbẹ̀ àti ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ palẹ̀ ní oríṣiríṣi ẹkùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n rù wọ́n wá, wọ́n tún wọn tò, wọ́n sì fi àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sínú wọn. Ní Urbandale, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá Living History Farms sílẹ̀ ní 1970. Oko àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ioway bó ṣe rí ní 1700 wà níbẹ̀, oko àwọn tó wá tẹ̀dó bó ṣe rí ní 1850 wà níbẹ̀, oko 1900 tí ẹṣin ń fa irinṣẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Póòpù John Paul Kejì dé ibẹ̀ ní 1979. Nítòsí wa, ní Jos, wọ́n kọ́ ẹ̀dà odi Kánò àti ẹ̀dà mọ́ṣáláṣí Zaria kí àwọn ọmọ wa lè rí bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé.

Gbogbo wọn ló ní láti ru ilé wá tàbí kí wọ́n tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa kò ru ohunkóhun wá. Ibi tí igi obì wa wà lónìí ni bàbá ńlá wa gbìn ín sí, àwọn tó ń yan gàárì níbẹ̀ sì kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tó ti ń yan án níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò dúró rí.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ èyí dáadáa nínú ohun mìíràn. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ìjẹ̀bú-Òde, a máa ń ṣe Ojúde Ọba. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, á ran aṣọ, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin, ọmọ Ìjẹ̀bú á ti gbogbo ayé wá. Ojúde Ọba kò kú, nítorí pé a ń ṣe é lọ́dọọdún. Ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ gun ẹṣin, ó ń wo bí bàbá ṣe ń jókòó lórí gàárì ẹṣin, òun náà á sì jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Erédò Sùngbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Odi àti yàrà tó ju 160 kìlómítà lọ, tó jìn tó mítà 20 ní àwọn ibì kan, tí orúkọ rẹ̀ ti wà láti 1995 nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà sí ogún gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí yóò pariwo láàárọ̀ ọjọ́ tí katakata bá dé, ọ̀nà àti ilé sì ti jẹ ẹ́ ní ibi púpọ̀. Bí Erédò bá lè bàjẹ́ báyìí pẹ̀lú gbogbo orúkọ tó ní, oko wa tí ayé kò tíì mọ̀ kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan lábẹ́ katakata.

5. Owó

N kò ní sọ pé ẹ kò nílò owó. Òrùlé ilé ẹbí ń jò, mo mọ̀. Owó oògùn àwọn àgbà wa ti pọ̀ ju ohun tí ọmọ kan lè dá san. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan fẹ́ kọ́lé, wọn kò ní ilẹ̀. Ẹ tún sọ pé bí a kò bá tà á, àwọn ajagungbalẹ̀ yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ẹ̀rù yìí kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n a ti ta ilẹ̀ rí. Ẹ rántí èyí tó wà ní ìhà òpópónà márosẹ̀. Nígbà tí a fi ìdí-igi pín owó rẹ̀, tí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì pín tirẹ̀ dé orí ọmọ-ọmọ, ohun tó kàn mí ra àgbò Iléyá kan àti aṣọ ọdún. Òrùlé ilé ẹbí kò gba kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó rántí yọ ti òrùlé sílẹ̀ kí pínpín tó bẹ̀rẹ̀. Koríko ló wà lórí ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀tì ibẹ̀ títí di báyìí.

Owó tí oko yìí ń mú wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wá lọ́dọọdún. Lọ́dún tó kọjá, obì, gàárì, epo àti owó tí àwọn iléèwé ń san sanwó òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ó tún abà ṣe, ó sì ṣẹ́ kù tí mo fi sínú àpò ẹbí. Mo gbà pé n kò ṣe ìṣirò rẹ̀ fún yín ní ìpàdé bó ṣe yẹ láti ọdún méjì. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo tọrọ àforíjì, gbogbo ìwé rẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti àwọn ajagungbalẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti dè wọ́n, ilẹ̀ tí ènìyàn wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ní ìwé sì le fún wọn láti fọwọ́ kàn ju èyí tí a fi koríko sílẹ̀ lọ.

6. Ohun tí mo ń béèrè

Àkọ́kọ́, kí ẹ dá gbogbo iṣẹ́ awọnlẹ̀ dúró, kí a sì hú òpó mọ́kọ̀ọ̀kànlá kúrò, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà lẹ́nu ààrò.

Èkejì, kí ẹ pe ìpàdé gbogbo ẹbí, tí àwọn ọmọ obìnrin àti àwọn ọmọ wọn yóò wà níbẹ̀ láti ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a ka ìwé àdéhùn náà sétí gbogbo wa, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i àti ti ẹni tí kò fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ dá owó àsansílẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ti ná nínú rẹ̀, kí ẹ sọ iye rẹ̀. Ìdí-igi tiwa yóò dá sí i bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbà nínú rẹ̀, a ti sọ ọ́ láàárín ara wa.

Ẹ̀kẹrin, kí a wọn oko náà pọ̀ bí ilẹ̀ kan ṣoṣo, kí a gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ní orúkọ ẹbí, kí a sì yan àwọn alámòójútó méjì méjì láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, tí a ó forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ CAMA ti 2020, òfin tí a fi ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dá tà á mọ́, títí kan èmi.

Ẹ̀karùn-ún, kí a kọ̀wé sí àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tí òfin 1979 dá sílẹ̀, pé kí wọ́n wá wo oko náà, kí wọ́n sì gbà wá nímọ̀ràn lórí abà àti ẹkù.

Ẹ̀kẹfà, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fún mi ní ọ̀dọ́ kan. Ìyá tó ń yan gàárì ti dàgbà, akọ̀pẹ kan ṣoṣo tó ń fi ìgbà gun ọ̀pẹ wa náà ti ń sọ nípa orúnkún rẹ̀. Bí mo bá ja ìjà yìí tí mo sì borí, tí kò sì sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, asán ni mo jà fún.

Ní ti òrùlé ilé ẹbí, mo ti ní kí káfíńtà lọ wò ó. Ìwé iye tó máa ná wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí a yọ ọ́ lára owó obì ọdún yìí kí a tó pín ohunkóhun.

Mo ti ní kí wọ́n tò àga sábẹ́ Ìyá Obì fún Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọkọ̀ lè dé ẹnu abà, nítorí náà Bàbá wa kò ní rìn jìnnà. Kí akọ̀wé ẹbí jọ̀wọ́ mú ìwé àdéhùn náà dání. Aṣọ pupa ṣì wà lára igi náà. N kò tú u, mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án, nítorí pé ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó tú u.

Èmi ni ọmọ yín,
Alámòójútó oko, láti ìdí-igi kẹrin.